Bàbá tó fẹ́ ta Porsche 944 Turbo n'Ífẹ̀: ìwé àtúnṣe ni kó kọ́kọ́ jáde

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ló kọ̀wé sí mi. Porsche 944 Turbo ọdún 1986, ọkọ̀ eléré tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ni wọ́n fẹ́ tà, pupa ni àwọ̀ rẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti rà á, wọ́n sì gbé e gba èbúté Àpápá wọlé ní 1997. Láti ìgbà náà, ẹlòmíì ò wà á rí. Orúnkún wọn ni ò gbà kí wọ́n máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ tó wá wò ó nílé ní iye tí wọ́n ń ra Corolla àlòkù tó ti rẹ̀ làwọn máa san, torí pé ọkọ̀ náà ti gbó. Bàbá wá bi mí pé: èló ló yẹ kí àwọn gbà? Ṣé kí àwọn kun ún lọ́dà tuntun, níwọ̀n bí oòrùn ti mú òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí? Ṣé kí àwọn jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ dán an wò gbé e jáde? Kí sì ni kí àwọn ṣe sí páálí pátì tó wà nínú gáréèjì? Ní ìparí lẹ́tà, wọ́n fi kún un pé nọ́ńbà kìlómítà ọkọ̀ náà ti dúró láti 2009, ṣùgbọ́n àwọn ní ìwé kan tí àwọn ń kọ gbogbo àtúnṣe sí.

Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀, Bàbá. Ìwé tí ẹ fẹnu kàn kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló máa mú owó wá.

Nọ́ńbà kìlómítà 944 sábà máa ń dúró. Jíà kékeré kan tí wọ́n fi ike ṣe ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, eyín rẹ̀ á kán, kìlómítà ò ní kà mọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó ń tọ́ka eré á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó débẹ̀, kò sì ní gbára lé iye tó rí nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Ìwé ni yóò béèrè. Bí ìwé bá wà, tí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, tí rísíìtì sì tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kìlómítà tán nìyẹn. Bí ìwé ò bá sí, ọkọ̀ tó mọ́ tónítóní pàápàá di ohun tí wọ́n ń fura sí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún olùrà pé kìlómítà ti dúró láti 2009. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa rí i.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, ojú ewé tó sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì ló wúwo jù. Bẹ́líìtì méjì ló wà níwájú ẹ́ńjìnnì yín. Ọ̀kan ń yí kámúṣáfítì, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fálùfù, èkejì ń yí ọ̀pá méjì tí wọ́n fi sí i kí ẹ́ńjìnnì oní-písítìn mẹ́rin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ má baà máa gbọ̀n. Bí bẹ́líìtì kámúṣáfítì bá já lórí eré, písítìn á lọ gbá fálùfù, fálùfù á tẹ̀, ó di kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olùrà tó gbọ́n, kó tó bi yín ní iye owó, fi máa béèrè pé ìgbà wo lẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì kẹ́yìn. Rírìn ń jẹ bẹ́líìtì, ọdún náà sì ń jẹ ẹ́. Ọkọ̀ tí kì í jáde nínú gáréèjì, rọ́bà rẹ̀ ń gbẹ níbi tó dúró sí. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ti pààrọ̀ tiyín, ẹ pààrọ̀ méjèèjì kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, kẹ́ ẹ sì pa àwọn rólà tó ń yí lórí pọ̀ mọ́ ọn. Irinṣẹ́ àkànṣe wà tí wọ́n fi ń wọn bí bẹ́líìtì náà ṣe le tó. Mẹ́káníìkì tó bá sọ pé àtàǹpàkò lòun fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì, kódà bó bá gba pé kẹ́ ẹ pè é wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó. Owó yẹn ò ní ṣòfò, torí olùrà á yọ ìlọ́po rẹ̀ kúrò lórí iye tẹ́ ẹ bá pè bí kò bá rí i nínú ìwé.

Kílọ́ọ̀ṣì ló tẹ̀ lé e, ó sì kan ọ̀rọ̀ orúnkún yín. Lára 944, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni gíà wà, páìpù gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Kí ọwọ́ tó lè dé kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sọ sáláǹsà kalẹ̀, wọ́n á sọ gíà kalẹ̀, wọ́n á fa páìpù yẹn sẹ́yìn. Owó iṣẹ́ lè ju owó ọjà lọ. Àwo kílọ́ọ̀ṣì tí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ fi sí i tún ní rọ́bà láàárín, rọ́bà náà sì máa ń já bó bá dàgbà. Bẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀ rí, rísíìtì yẹn ni kó wà ní ojú ewé kejì. Bẹ́ ò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí nígbà míì pẹ́dà tó le jù máa ń fi hàn pé kílọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ tán. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ orúnkún nìkan ni.

Ẹ to gbogbo ìwé náà bí ọdún ṣe tẹ̀ léra: ìwé tẹ́ ẹ fi rà á ní Jámánì, ìwé ọkọ̀ ojú omi, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù 1997 àti rísíìtì owó tẹ́ ẹ san, lẹ́yìn náà ìwé àtúnṣe. Ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ṣì ní ìwé kékeré tí Porsche fi ń bá ọkọ̀ wọn wá, ẹ wò ó bóyá bébà tó ní nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta ṣì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló ń sọ ohun tí wọ́n fi sí ọkọ̀ náà ní ilé-iṣẹ́, látorí àga títí dé táyà, àwọn tó ń kó irú ọkọ̀ yìí jọ sì fẹ́ràn láti rí i.

Ẹ tún ka nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ dáadáa. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé Jámánì ni wọ́n ti tà á, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ báyìí: WP0ZZZ95ZGN. 95 tó wà láàárín ni kẹ́ ẹ wò, 94 ló máa wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ 944 tí kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. G dúró fún 1986. N dúró fún Neckarsulm, ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Kó bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, kó bá ìwé ẹ̀rí onímọ́tò mu, lẹ́tà kan ò gbọ̀dọ̀ yàtọ̀. Bí akọ̀wé kan bá ti fi O kọ nọ́ńbà òdo nígbà tí wọ́n ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ lọ tún un ṣe báyìí, torí bó bá jẹ́ ọjọ́ tí olùrà mú owó wá ló rí i, ọkàn rẹ̀ á ti yí padà.

Ó yá, owó. Àwọn tó fi ọkọ̀ yín wé Corolla ò purọ́ ní ti ọjà tiwọn. Ohun tó bá máa kúrò lọ́wọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń rà, ọkọ̀ yín ò sì sí lára irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé bí irú wọn bá rà á lówó pọ́ọ́kú, wọ́n lè tú u tà ní pátì: tọ́bò lọ síbí, gíà lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí ènìyàn tọ́jú láti 1997 ò yẹ fún irú ìyẹn. Ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún, àwọn tó mọyì èyí sì wà ní Èkó, Abuja àti Ìbàdàn, wọ́n kàn ń wá èyí tí ìwé rẹ̀ pé ni.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó ń lọ lágbàáyé, ẹ ní kí ọmọ yín ṣí Bring a Trailer fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta irú ọkọ̀ yìí ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tà gan-an sì wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rí. Ẹ wo èyí tó ti tà nìkan, ẹ má wo iye tí ẹni tó ń tajà ń pè níbòmíì, ẹnu lásán nìyẹn. Ẹ sì ṣọ́ra: Turbo S ọdún 1988 ní agbára ẹṣin 250, tiyín jẹ́ 220, iye wọn ò jọra. Lẹ́yìn náà, ẹ má kàn fi dọ́là sọ ọ́ di nàìrà kẹ́ ẹ sì gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rà á níbí ló máa máa gbé pátì wá láti òkè òkun, òun ló máa wá mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n, epo inú ìlú wa ò sì lágbára tó èyí tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn fún. Ó yẹ kó rí ìyẹn yọ lórí owó. Ní apá kejì, kò ní san owó ọkọ̀ ojú omi, kò ní san kọ́sítọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ìjọba ò sì gbà kí ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà tó báyìí máa wọlé mọ́. Irú èyí tó ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó dájú ṣọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà hàn nínú iye tẹ́ ẹ bá pè.

Ẹ kọ iye méjì sílẹ̀: èyí tẹ́ ẹ máa pè, àti èyí tẹ́ ò ní gbà kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ ìkejì fún ẹnikẹ́ni, pàápàá alágbàtà. Owó tẹ́ ẹ ti ná sórí ọkọ̀ náà láti 1997 kò ní padà wá tán, Bàbá, ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí oṣù kan bá kọjá tí ọjà ò tíì tà, ẹ tún iye náà yẹ̀ wò, torí nàìrà ò dúró sójú kan.

Ní ti ọ̀dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ún. Ẹni tó ń ra irú ọkọ̀ yìí sábà máa ń mú ẹ̀rọ kékeré kan wá tó ń fi wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Bó bá ti rí ọ̀dà tuntun, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ti kọlù ú rí. Irin ara 944 ni wọ́n fi síńkì bò láti ilé-iṣẹ́, ọ̀dà tó ṣí lórí òrùlé ò túmọ̀ sí pé ìpẹtà ti wọnú rẹ̀. Pupa ìgbà yẹn ò sábà ní fáníìṣì lókè, ọ̀dà gan-an ni oòrùn ń bá jà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń funfun bí ẹni pé wọ́n bu ẹfun sí i. Ẹ fi pólíìṣì díẹ̀ sórí aṣọ funfun, kẹ́ ẹ fi ra ibi kékeré kan ní igun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí aṣọ náà bá pupa, tí ibẹ̀ sì ń dán, ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó mọ pólíìṣì lò ló kù. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó bá ti sán, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ síta. Oòrùn ń sán an ní gbogbo ayé.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun kan tó lè lé olùrà tí kò mọ̀ ọ́n sá. Bẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn tó ti gbóná, ẹ ó gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́ yín. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó ń lo iná bátìrì ni. Omi ló ń gbé yí tọ́bò ká. Èéfín gbígbóná tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, ó sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì, ọ́ìlì ò ṣàn dé ibẹ̀ mọ́, èyí tó kù nínú rẹ̀ á jóná di èédú, bẹ́rìnnì á sì bàjẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù yẹn ni wọ́n fi dènà rẹ̀. Mo ti rí rewáyà tó fẹ́ já wáyà rẹ̀, ó ní ó ń jẹ bátìrì. Bẹ́ ò bá gbọ́ ìkùn rẹ̀ mọ́, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó tà á. Ẹni tó mọ 944 máa dúró tì í lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á, á sì tẹ́tí. Nínú fídíò tí ọmọ yín bá gbé síta, kí ó dún níbẹ̀.

Fídíò yẹn, ẹ́ńjìnnì tó tutù ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Lówùúrọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnìkan gbé fóònù sí ẹnu sáláǹsà, kẹ́ ẹ wá tanná sí i. Bí èéfín bá dàbí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá funfun tí kò sì tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, omi ló ń wọlé. Bí kò bá sí èéfín, ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ tí olùrà bá ń bọ̀, ẹ má gbé e gbóná dè é. Ọwọ́ tó bá kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná kí wọ́n tó tanná ti mọ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ dán an wò: rárá, àfi èyí tó bá ti wá gẹ́gẹ́ bí olùrà. Kó ka ìwé yín tán ná, kó ní láísẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ sì ti mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin, tàbí mẹ́káníìkì tó mọ ọkọ̀ náà, lẹ máa kọ́kọ́ wà á, olùrà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má gbé e gba Lágere lọ́sàn-án, gó-sílóò ò ní fi nǹkan kan hàn án. Ọ̀nà Iléṣà lówùúrọ̀ kùtù dára jù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá títí ọ́ìlì yóò fi gbóná. Ohun tó ń ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni pé lábẹ́ nǹkan bíi 3,000 lójú aago ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà dàbí ọkọ̀ lásán, ènìyàn á rò pé kò lágbára, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tọ́bò á wá gbá a mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ṣe ní kọ́nà ló ti gbá a mú, táyà ẹ̀yìn ló ń fa ọkọ̀ yìí, kò sì sí ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, lára ti 1986. Ìnṣọ́ránsì tádípátì tí ọ̀pọ̀ wa ní kò sì ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Bẹ́ ẹ bá dé padà, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó pa á.

Lọ́jọ́ tí owó bá fẹ́ dé, ẹ gbà á láti bánkì, láti inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ olùrà gan-an. Òfin ọdún 2022 tó dènà owó èérí kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ lásán tó bá ju mílíọ̀nù 5 nàìrà lọ, ẹni tó gbà á náà jẹ̀bi. Ẹni tó bá ní kí àkáǹtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ san án fún un, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má gba "mo ti fi ránṣẹ́" tó wà lójú fóònù rẹ̀ gbọ́, bánkì yín ni kó sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ àdéhùn, kí nọ́ńbà ṣáásí àti ti ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà NIN olùrà, kẹ́ ẹ sì jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kó lè kúrò lórúkọ yín. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ tí orúkọ yín ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin lọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá.

Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ẹ máa gbé e jáde lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kó rìn títí yóò fi gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá eku ti ń jẹ wáyà.

Páálí pátì: ẹ má tà á lọ́tọ̀, ẹ má sì fún mẹ́káníìkì yín ní ohunkóhun níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí fílítà títí dé kọ́kọ́rọ́ kejì àti ìwé àlàyé èdè Jámánì. Fún ẹni tó ń gbé pátì wá láti òkè òkun, páálí yẹn lè mú kó gbà láti san iye tẹ́ ẹ pè láìdúnàádúrà púpọ̀. Kí àkọsílẹ̀ náà wà lára àdéhùn, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìwé àtúnṣe gan-an, ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi han àwọn ènìyàn. Ojúlówó rẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín títí bánkì yóò fi sọ pé owó ti wọlé.